Ọ̀nà Tí Nuño Arteche Mú Elvira Gbà Lọ Ilé Ọkọ

Ọjọ́ tí Nuño Arteche mú Elvira ọmọ rẹ̀ lọ ilé ọkọ, gbogbo ìlú Puerto ṣì ń sọ ọ́ títí dòní, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti wà nínú sàréè. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìlú Cádiz, wọ́n á ní àwọn ìbaaka tó ń fa kẹ̀kẹ́ ló ya kúrò lọ́nà. Irọ́ gbuu! Àwọn ìbaaka ò mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn gan-an ló fẹ́ gba ọ̀nà tó tọ́, Nuño ni ò gbà fún wọn.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o. Atukọ̀ ni, ó sì tún ń ya máàpù. Ó ti mú ọkọ̀ ọba la òkun ńlá já dé Indias, ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì òkun, ó sì mú un padà bọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Lójú òkun, á kàn gbé imú sókè, á ní ilẹ̀ wà níwájú, ilẹ̀ á sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọkùnrin yìí kan náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ ní kó lọ ra búrẹ́dì wá ní òpópónà kejì, ó parí nìyẹn. Ẹ tètè máa wá nǹkan mìíràn jẹ.

Mencía ìyàwó rẹ̀ ló rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń di ẹ̀sín, ló bá ta aṣọ pupa kan sójú fèrèsé kí ọkọ rẹ̀ lè máa dá ilé mọ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àfi ọjọ́ tí ìyàwó olówò iyọ̀, ní òpópónà lódìkejì, fọ yẹ̀rì rẹ̀ pupa, tó sì sá a. Nuño wọlé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá. Obìnrin náà gbé ọbẹ̀ wá, ó fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ náà máa já sí. Nuño jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Mencía, ọbẹ̀ òní dùn o. Kí ló dé tó o kì í sè é báyìí tẹ́lẹ̀?” Mencía fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn, ó ti ń wá a kiri. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

Bó ṣe ń ṣìnà tó lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí irọ́ kankan wọ inú máàpù rẹ̀. Ìránṣẹ́ ọlọ́lá kan wá sí ilé rẹ̀ nígbà kan, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ máàpù tó máa gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn. Ọkùnrin náà wo awọ àgùntàn tí Nuño ti ya òkun sí, ó wo àárín rẹ̀, ó yínmú.

“Ibí yìí ṣófo jù. Fi ejò òkun kan síbẹ̀.”

“Mi ò rí ejò kankan níbẹ̀.”

“Ọ̀gá Nuño, ta ló máa mọ̀?”

“Ejò náà máa mọ̀.”

Ìránṣẹ́ náà fa ìjà títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Nuño gbà nígbẹ̀yìn láti ya nǹkan kan sí i. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ya máàpù a máa ya orí ènìyàn sí igun rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á wú, tí wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn. Ojú ìránṣẹ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni Nuño fi ya atẹ́gùn gúúsù, pẹ̀lú imú àti gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ọlọ́lá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ó sì gbé e kọ́ síbi tí ìránṣẹ́ náà á ti máa rí i lójoojúmọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Sátidé ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ádífẹ́ǹtì, àkókò ìmúrasílẹ̀ de Kérésìmesì, ń wọlé, kò sì sí fádà kankan tó máa so tọkọtaya pọ̀ láti ọjọ́ náà títí Ọjọ́ Ọba Mẹ́ta, lẹ́yìn ọdún tuntun, á fi kọjá. Bẹ́ẹ̀, Tristán ọkọ ìyàwó ní láti wọ ọkọ̀ lọ Indias kí Kérésìmesì tó dé. Tí wọn ò bá so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, kí oòrùn tó wọ̀, ó di ìgbà tí Tristán bá padà. Ẹni tó bá sì ń gbé Puerto mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọkọ̀ lọ ló ń padà bọ̀. Elvira ò tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ mélòó kan.

Abúlé Alcoreja ni ilé Tristán, láàárín oko àjàrà. Ẹni tó bá tètè jí á débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹ̀gbọ́n Mencía, Brígida, ní kí àwọn wá ẹnì kan tó mọ̀nà kó ṣíwájú. Nuño fò dìde.

“Ta ni? Èmi tí mo la òkun já, ẹ fẹ́ kí ẹnì kan máa fi ọ̀nà oko àjàrà hàn mí? Èmi ni mo máa mú ọmọ mi lọ.”

“Bàbá Elvira,” ni Mencía wí, “jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run. Òní kọ́.”

Nuño wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Mencía, ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un, níbo ni mo wà?”

“Lójú òkun.”

“Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí ẹ ti ra àbẹ́là ìsìnkú sílẹ̀ ńkọ́?”

“Lójú òkun.”

“Ṣé o rí i? Gbogbo ènìyàn ni mo ti mú débi tí wọ́n ń lọ. Mi ò tíì mú ọmọ tèmi débì kankan rí.”

Mencía lọ di ẹrù.

Nuño gbé abẹ́rẹ́ atọ́nà rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, èyí tó wà nínú àpótí pákó, tó máa ń kọjú sí àríwá. Ó wá pàṣẹ pé òun ò gbọdọ̀ rí irin kankan nínú kẹ̀kẹ́ náà, torí irin a máa fa abẹ́rẹ́. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ obìnrin tó ń ránṣọ, ó tiẹ̀ tú ìdè bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú. Ìgbà tó ṣe ìyẹn tán ló bojú wẹ̀yìn, ó fa imú.

“Ta ló jẹ aáyù?”

Àwa èrò ìgbéyàwó wo ara wa. Ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ni kì í jẹ aáyù ní Puerto? Ó ní gbogbo atukọ̀ ló mọ̀ pé tí èémí aáyù bá kan abẹ́rẹ́, orí abẹ́rẹ́ náà máa dàrú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Brígida, ìyẹn là á mọ́lẹ̀ fún un.

“Ẹnu ta lo fẹ́ gbóòórùn? Nuño, èmi ni mo pọn ìyàwó rẹ dàgbà!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn pátápátá.”

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo èrò ìgbéyàwó ló kó sẹ́yìn, títí kan ìyàwó. Nuño nìkan ló wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín òun àti àwa, bíi pé a lárùn lára.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin kì í lọ ilé ọkọ ní ìlú wa láìmú ìkòkò irin dání. Ìtìjú ńlá ni fún ìyá rẹ̀. Mencía ti ra ìkòkò ńlá kan tó lè gba odindi ọ̀dọ́ àgùntàn, ó ti fi kórìíko bò ó, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Orí bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ni Nuño gúnwà sí, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ lé itan, ó sì ń wò ó bí ẹni ń kàwé mímọ́.

Abẹ́rẹ́ náà ṣe ohun tí abẹ́rẹ́ máa ń ṣe. Ìkòkò ló kọjú sí.

“Ọwọ́ òsì!” ni Nuño ń ké sí àwọn ìbaaka. “Ọwọ́ òsì, mo ní! Ẹ fà á wálẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni!”

Àwọn ìbaaka wo ojú ọ̀nà Alcoreja, wọ́n wo Nuño, wọ́n yà sí òsì. A rìn, a rìn, oko àjàrà tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín igi páìnì. Ibẹ̀ la ti pàdé ọkùnrin kan tó ń ta èédú.

“Ẹ kú ìrìn o. Níbo lẹ̀ ń lọ?”

“Alcoreja,” ni Brígida dá a lóhùn.

“Ẹ̀yin? Ẹ ti fi Alcoreja sẹ́yìn o. Èmi náà ń lọ síbẹ̀. Ẹ bá mi ká lọ.”

Gbogbo èrò dúró. Wọ́n yí Elvira ká. Brígida di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi, ọkùnrin yìí mọ̀nà. Oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Tó o bá tẹ̀ lé bàbá rẹ, o ò ní rí Tristán lónìí. Sọ̀rọ̀!”

Nuño ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó dúró sọ́hùn-ún, ó gbá àpótí rẹ̀ mọ́yà, ọwọ́ kejì ṣì di ṣòkòtò mú. Elvira wò ó fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi.

“Ẹ ṣeun, bàbá eléèédú,” ló wí. “Bàbá mi ló ń mú mi lọ.”

Brígida ké mọ́ ọn, ó pè é ní òmùgọ̀ ọmọ, ó sì tẹ̀ lé e. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin eléèédú gba ọ̀nà tirẹ̀, ó ń mi orí.

Nígbà tó dé Alcoreja, ó bá gbogbo ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Tristán ti sunkún títí, ó ní ìyàwó ti kọ̀ wọ́n. Eléèédú ròyìn ohun tó rí. Ó ní bàbá kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó ń pàṣẹ fún ìbaaka bíi pé ọkọ̀ ojú omi ni.

Tristán yíjú sí fádà. “Fádà, ẹ gbé ìwé àdúrà yín. Etí òkun là ń lọ.”

“Etí òkun kẹ̀? Ṣebí ibí ni ìyàwó rẹ ń bọ̀?”

“Bàbá rẹ̀ ló ń mú un bọ̀, Fádà.”

Fádà yẹn ti gbé Puerto rí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí wọ́n bá òun wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Àwa ní tiwa ṣáà ń rìn. Igi tán, iyanrìn bẹ̀rẹ̀, ni omi bá yọ sí wa rẹrẹ, tó ń dán. Oòrùn ti fẹ́ kan omi. Nuño sọ̀ kalẹ̀. Ó wo òkun, ó wo abẹ́rẹ́, ó jókòó sórí iyanrìn.

“Elvira,” ló wí, “mo ti ba ọjọ́ rẹ jẹ́.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Brígida pàápàá, tó ti ń to èébú jọ láti àárọ̀, kò lè bú u. Elvira jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbórí lé e léjìká. Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn tí a fi gbọ́ igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Fádà ló ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ iyanrìn. Tristán ń sáré níwájú rẹ̀, bàtà lọ́wọ́.

“Bàbá,” ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti tètè dé ju àwa lọ.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí mo bá ní ọmọbìnrin mẹ́wàá, irú Tristán yẹn ni màá wá fún gbogbo wọn.

Ilé àdúrà àwọn apẹja kan wà níbẹ̀, kékeré báyìí, òórùn ẹja ló kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni fádà ti so wọ́n pọ̀, ó sáré kàwé bíi pé ẹnì kan ń lé e, ó sì ṣe Àmín bí oòrùn ṣe ń rì. Ariwo tá a pa, àwọn ẹyẹ etí òkun fò lọ!

Oúnjẹ ìgbéyàwó wà ní Alcoreja. Àwọn apẹja kó ẹja wá, ọ̀kan nínú wọn ní kí la máa fi sè é. Inú Mencía dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó sáré lọ sídìí kẹ̀kẹ́, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé ìkòkò irin ńlá náà jáde.

A wo ìkòkò, a wo ibi tí Nuño jókòó sí láti àárọ̀, a wo Nuño. Mencía dúró síbẹ̀, ìkòkò lọ́wọ́, jìnnìjìnnì bò ó. Nuño rọra wá, ó yí ìkòkò náà po, ó fi ìka gbá a, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Ó wá kọjú sí wa.

“Ẹ rí i,” ló wí, “bí aáyù yín ṣe lágbára tó.”

Èrò ya lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Brígida rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń bu omi fún un. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, Nuño ò fìgbà kankan dá Mencía lẹ́bi. Ẹni tó bá bi í léèrè, aáyù ló máa sọ, láìṣẹ́jú.

Tristán lọ, ó sì padà, ẹ bá wa dúpẹ́. Àwọn ọmọ dé. Nuño dàgbà, ojú rẹ̀ ṣú, kò lè ya máàpù mọ́, ó wá ń ṣìnà láti ibùsùn dé ìdí àga. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́, Elvira jókòó tì í láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ni ọkùnrin náà la ojú.

“Elvira. Má purọ́ fún mi. Ọjọ́ yẹn, ṣé mo ṣì ọ́ lọ́nà?”

Ohun tí gbogbo ìlú fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, a ò sì mọ̀. Elvira di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Bàbá, ibo lẹ sọ pé ẹ ń mú mi lọ?”

“Ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ.”

“Ọ̀dọ̀ ta lẹ mú mi dé?”

Ó rò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tàn ká gbogbo ojú rẹ̀.

“Mo wí fún ìyá rẹ,” ló sọ. “Mo ní màá mú ọ débẹ̀.”

Ó sùn lẹ́yìn ìyẹn. Elvira fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, pé òun ò já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi lọ.