Afárá Tí Mo Gbé Wọ Àpótí Ọmọ Mi

"Màámi, bí ẹ bá tún gbé afárá oyin kankan wọ inú àpótí mi láì sọ fún mi, màá fẹjọ́ yín sun bàbá mi." Ọmọbìnrin mi, tó ti wà nílé ọkọ báyìí, tó sì tún ti ń sin oyin, ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣeré. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àpótí oyin méjì la ní lóko wa ní Ìsùàdà. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, èkejì jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Gbogbo ohun mìíràn tó ní, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́kọ́ lò ó.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, oyin tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn kan ń rìn nílẹ̀, ìyẹ́ wọn kákò, wọn kò lè fò. Kòkòrò pupa kan tí kò tó orí ìṣáná lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo rò pé bíi yọ̀rọ̀ ara adìẹ lásán ni. Nílé wa, ọmọ tó bá rù, a máa ń rán an lọ sọ́dọ̀ ìbátan tó ń jẹun dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo yọ afárá méjì tí ọmọ oyin kún inú wọn, mo gbé wọn wọ àpótí ọmọ mi, kí àwọn oyin tó lágbára bá mi tọ́ wọn. N kò sọ fún un, n kò sì jẹ́ kó bá mi dé ìdí àpótí, kí oyin má baà ta á.

Kí oṣù méjì tó pé, ìyẹ́ àwọn oyin tirẹ̀ náà ti ń ká. Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan, ọmọ Àkókó tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, wá wò ó. Ó fi abẹ́rẹ́ ṣí ihò afárá kan. Kòkòrò pupa mẹ́ta wà lára ọmọ oyin kan ṣoṣo.

"Ta ló gbé afárá wá síbí?"

Ọmọ mi wojú mi. Mo ní èmi ni, pé kí àwọn tó lágbára lè bá mi tọ́ wọn ni.

"Háà, ìyá! Oyin kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sílé àǹtí."

Ó ṣàlàyé pé kòkòrò náà ń fa omi ara oyin láti kékeré, agbára tí oyin fi ń bá àìsàn jà á sì dín kù. Àìsàn tí wọn ì bá borí ló wá ń pa wọ́n.

"Ṣé wọ́n máa yè é?" ọmọ mi béèrè.

"N ò lè ṣèlérí, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí àpótí ọmọ mi fi ṣófo. Ó gbá inú rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin oyin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé afárá láti inú àpótí tó ń ṣàìsàn lọ sínú èyí tí ara rẹ̀ le.