Odi Tí Àwọn Ọmọ Ogun Kò Mọ Tán

Kí ọmọbìnrin mi tó wọ bàtà, èmi ni mo máa ń gbọn inú rẹ̀ nítorí àkekèé. Mo máa ń se omi rẹ̀ kí ó tó mu ún. Mo mọ iye ìṣẹ́jú tí ó fi ń rìn láti ilé-ìwé dé ilé wa ní àdúgbò Agbonou: mẹ́tàlélógún, bí òjò kò bá rọ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, n kò ní òmíràn tí mo lè fi dán ayé wò.

Iṣẹ́ mi ní birò ìjọba ní Atakpamé ni láti kọ orúkọ àwọn tí a bí sínú ìwé ńlá kan, kí n sì kọ ti àwọn tí ó kú sínú ìwé ńlá kejì. Iṣẹ́ náà kò gba àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ti wọ ìwé kejì kì í tún padà sínú ìkíní.

Nítorí náà, ẹ lè mọ bí ara mi ti rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ìsinmi ilé-ìwé, ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lábẹ́ igi máńgòrò: “Ẹ dìde, ẹ̀yin òkú! Ẹ wá jà fún mi!” Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi ni ó mú eré náà wá. Ó ń kàwé ní lísè, ìyẹn ilé-ìwé girama, ní Lomé, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, òun ni ó rà á bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Eré náà kò ní pátákó bíi lúdò. Ìwé kan ni, àti dáìsì tí ojú wọn ju mẹ́fà lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò máa ka ìtàn ilẹ̀ kan tí kò sí níbì kankan. Àwọn yòókù, ìyẹn ọmọ mi àti àwọn ọmọkùnrin káfíńtà aládùúgbò wa méjì, yóò wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ìtàn náà, dáìsì yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Dáìsì ti sọ ọmọ mi di ajíòkú, ẹni tí ó lè pe òkú jáde láti inú ibojì kí ó sì máa pàṣẹ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ajíòkú ń sọ ni ó ń kọ́ sórí ní ọjọ́ náà, bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí ilé-ìwé.

Ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà. Oṣù mẹ́rin ni bàbá mi ti kú nígbà náà, láti ìgbà náà ni màmá sì ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

“Akọ̀wé,” ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí i, “ọmọ rẹ ń kígbe pe òkú ní ojúde. Bí bàbá rẹ bá lọ dáhùn ńkọ́?”

“Màmá, eré ni.”

“Irú eré wo ni wọ́n ń fi òkú ṣe? Bí nǹkan yẹn bá wà nínú ilé yìí títí di ọjọ́ Ẹtì, èmi kò ní sí níbẹ̀. Aago méje ni ọkọ̀ tó ń lọ sílé wa ní Elavagnon ń kọjá.”

Ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.

Mo kó dáìsì, mo tì wọ́n mọ́ inú àpótí mi. Mo bẹ̀rù kí ìyá mi má lọ dá gbé nínú ilé tí bàbá mi kú sí. Mo sì tún bẹ̀rù, kí n má purọ́, kí àwọn aládùúgbò má bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ mi ní àjẹ́.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá.

“Màmá, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò tíì kà?”

“Rárá o.”

“Ẹ kò tíì wo eré náà.”

Ó fi iṣẹ́ mi mú mi. Mo ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré lójú mi ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó dá ẹjọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé àga sábẹ́ máńgòrò. Ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró ẹ̀pà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé. “Ọ̀tá ti yí ìlú ká. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n máa wọlé. Ogójì ènìyàn ló ṣẹ́kù nínú ìlú, kò sí jagunjagun nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọmọ ogun wà ní ibojì lẹ́yìn ọjà. Ajíòkú, ọwọ́ ẹ ló kù sí.”

“Jí wọn!” ni èyí àgbà nínú àwọn ọmọ káfíńtà wí. “Kí lo tún ń wò?”

“Ẹ̀gbọ́n,” ọmọ mi bi onítàn, “kí ló pa wọ́n?”

Ó wo ìwé. “Odi ìlú ni wọ́n ń mọ tí ọ̀tá fi dé bá wọn.”

“Ṣé wọ́n mọ ọ́n tán?”

“Wọ́n kú! Àbí o ò gbọ́ ni?” ni ọmọ káfíńtà àgbà wí.

“Ẹ̀rù ló ń bà á,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Òkú inú ìwé lásán!”

“Olúwa fúnra rẹ̀ jí ẹni tó ti kú fún ọjọ́ mẹ́rin,” ni ọmọ káfíńtà àgbà fi kún un. “Wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ó kọ́kọ́ sunkún ná,” ni ọmọ mi dá a lóhùn. “Nígbà tó sì jí i tán, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó máa lọ. Ṣé ó fún un ní idà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Nígbà tí Bàbá àgbà kú,” ó ní, “oko iṣu wọn ṣì kù láìro. Ẹgbẹ́ àáró wọn wá, ọkùnrin mẹ́rìnlá, wọ́n ro ó tán. Kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá àgbà dìde wá ro oko tòun. Alààyè ló ń bá òkú parí iṣẹ́. Mi ò jí ẹnikẹ́ni. Èmi àtàwọn ogójì yẹn la máa mọ odi náà tán.”

Èmi ni mo mú un lọ sí oko yẹn. Mo gbé e jókòó sórí àpáta nítorí ejò. Mo rò pé labalábá ni ó ń wò.

“Kò sí èyí nínú ìwé,” ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn.”

Ó họ orí. “Ó dáa. Tántì, ẹ fún un ní dáìsì. Bó bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ mọ ọ́n tán kí ilẹ̀ tó mọ́.”

Mẹ́sàn-án ni dáìsì sọ. Ọ̀tá gba àlàfo odi wọlé. Ọmọ mi ní òun dúró sí ẹnu àlàfo náà títí àwọn ogójì fi sá dé orí òkè. Dáìsì gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni ajíòkú kú sí.

Ọmọ káfíńtà àgbà fò sókè. “Mo ti mú ìwé ọfọ̀ rẹ̀! Èmi máa jí i, yóò bá wa lé wọn!”

“Má jí mi,” ni ọmọ mi wí. “Ẹ bá mi mọ odi náà tán.”

Mo ti kọ ikú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sílẹ̀, n kò tíì gbọ́ ẹni tí ó kú dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ọmọkùnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n mọ̀ pé ọmọ mi ni.

Ohùn kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. “Amọ̀ wo ni ẹ fẹ́ fi mọ ọ́n?”

“Màmá àgbà, ìwé kò sọ,” ni onítàn wí.

“Amọ̀ tí ẹ kò bá tẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ewúrẹ́ bá fara kàn án, ó ti wó. Ẹ gé koríko sí i.”

“Màmá àgbà, ọ̀tá ti wọlé o!” ni ọmọ káfíńtà kékeré kígbe.

“Kó wọlé. Ṣé kò ní jáde ni?”

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ Elavagnon fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wọ yàrá ìyá mi. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ̀ tí ó ti dì.

“Sọ fún dírẹ́bà kó máa lọ,” ó ní. “Ọmọ yẹn mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí òkú sinmi. Ta ló kọ́ ọ? Ṣé ìwọ ni?”

Ó wù mí púpọ̀ kí n ní èmi ni. Ṣùgbọ́n n kì í kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

“Òun ló wò ó fúnra rẹ̀ lóko Bàbá, Màmá,” ni mo wí, mo sì jáde lọ bá dírẹ́bà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.