Adájọ́ Tó Dìde fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí n tó mọ ohun tí òfin ń jẹ́, adájọ́ àgbà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilẹ̀ tí à ń gbé. Erékùṣù ni, òkun yí i ká, ó sì kéré débi pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀ á ti yí i po kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ẹni tó kú ṣì wà níbẹ̀, èmi náà sì ní ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí, ni mò ń kọ ọ́ fún. Ẹ ti ń bi mí, ẹ sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, pé kí ló dé tí mo fi sá sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, nígbà tí ọmọbìnrin ìjọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ adájọ́ kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Ọkọ̀ ìpẹja kan ló gbé e dé erékùṣù náà, lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe ìyá mi àti èmi láti Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, ó ń fi gbé èèyàn lọ sí erékùṣù kejì tó wà nítòsí. Àwa nìkan ni Yorùbá níbẹ̀, àfi adájọ́ yẹn.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni adájọ́ Yorùbá ń wá níbẹ̀. Níbi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹbí ni gbogbo èèyàn. Ẹni tó jalè àti ẹni tí wọ́n jà lólè, ìyá àgbà kan náà lè ni wọ́n ní. Nítorí náà, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti máa ń yá adájọ́ àgbà, ẹni tí kò ní ìbátan kankan níbẹ̀. Májísíréètì kan wà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni tirẹ̀: ewúrẹ́ tó jẹ oko, àwọn tó mutí tí wọ́n jà. Akọ̀wé kóòtù tún wà, ọkùnrin kúkúrú kan. Òun náà ló ń so tọkọtaya pọ̀, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀, òun ló sì ń lu agogo tí kóòtù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ọkùnrin yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn ayé fún wọn, òun náà ló ń tì í."

Adájọ́ àgbà kéré sí bàbá mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, pẹ̀lú súùtù lọ́rùn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." Àwọn ará erékùṣù rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ bá a wolẹ̀ títí, ó ní, "Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín dé ilé lọ́jọ́ náà. Adájọ́ yẹn kò wọ ilé wa rí. Ìyá mi gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun kò gbà á. Ìkíni ojú ọ̀nà yẹn nìkan ló wà láàárín wa.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ bàbá mi dojú dé. Mo wà nínú rẹ̀. Mi ò rántí ìgbì náà dáadáa, àwọn apẹja ló sọ bó ṣe ga tó. Ohun tí mo rántí ni kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí èmi àti olùkọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan, jọ dì mú. Kẹ́ẹ̀gì náà kò gba àwa méjèèjì. Ó wò mí. Ó tì í sí mi láyà, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Gbogbo wa ni wọ́n rí fà jáde, àfi òun.

Wọ́n mú bàbá mi. Wọ́n ní ó kó èèyàn jù. Májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni olùkọ́ tó kú. Ó wá ku adájọ́ àgbà nìkan. Ìyá mi sọ fún mi pé tí wọ́n bá pè mí, kí n sọ ohun tí ojú mi rí, pé ọkọ̀ kò kún. Mo há a sórí. Ó dá ìyá mi lójú pé bàbá mi á sùn sílé lọ́jọ́ náà. Ó ti se ìrẹsì sílẹ̀.

Akọ̀wé lu agogo. Adájọ́ wọlé, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá méjì mú bàbá mi wọlé. Adájọ́ gbójú sókè, ó rí i, ó sì dìde. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ara rẹ̀ ló dìde, orí rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ti ń lọ sílẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Ó tún jókòó.

Agbẹjọ́rò ìjọba ti rí i. Ó ní, "Olúwa mi, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí ni?"

"Kì í ṣe ẹbí mi."

"Kí ló dé tí ẹ fi dìde fún un?"

Adájọ́ ní, "Ó jù mí lọ."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Kọ́kọ́rọ́ tó ń bọ́ lójoojúmọ́ rèé!" Akọ̀wé lu agogo títí kí wọ́n tó dákẹ́. Àwọn ẹbí olùkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní òun yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, kí wọ́n lọ wá adájọ́ mìíràn láti òkè òkun. Wọ́n mú bàbá mi padà sí àtìmọ́lé. Ìrẹsì náà wà nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún padà, adájọ́ mìíràn kò dé. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè mí ní àbúrò adájọ́. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a lọ wo bàbá mi, ìyá mi ní, "Ṣé kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni? Ta ló ní kó kí yín?"

Bàbá mi ní, "Má bá a wí. Wọ́n kọ́ ọ nílé ni."

Kí adájọ́ yẹn tó fi erékùṣù sílẹ̀, ó yà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọlọ́pàá kan dúró lójú títì, ó ń wò wá. Ìyá mi ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyá mi pé kó bọ òun lọ́wọ́, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ìyá mi wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Adájọ́ tuntun dé nígbẹ̀yìn. Kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè mí, ẹnu mi kò là, ohun tí mo há sórí ti lọ. Àwọn apẹja ló sọ̀rọ̀ ìgbì náà, adájọ́ náà sì dá bàbá mi sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá mi kò wa ọkọ̀ mọ́. Tí ọmọdé bá kí i, á yí ojú sí ògiri. Ibẹ̀ ló kú sí, akọ̀wé kúkúrú yẹn ló sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi mú mi padà sí Abẹ́òkúta.

Ó ti pẹ́. Snellville ni mò ń gbé báyìí, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mo máa ń rọra wa mọ́tò. Nígbà tí ẹ ń múra ìdúpẹ́ ọmọ wa sílẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọkùnrin mi ní ẹjọ́. Mọ́tò rẹ̀ kọlu ti ẹlòmíràn, ẹni náà sì farapa. Kóòtù county wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni wọ́n pè é sí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ọmọ wa jẹ adájọ́.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ náà, gbogbo yín gbé fóònù sókè, ẹ ń ya àwòrán. Ọmọ wa ń kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà, Aunty." Mo sá sẹ́yìn. Mo ní, "Dìde, jọ̀ọ́, dìde." Kò dìde. Ó ń dúró kí n dá òun lóhùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ sí i.

"Háà, Aunty! Ẹ ti di òyìnbó!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọwọ́ mi, ó fi dìde.

Ẹjọ́ ọmọ mi ti parí. Adájọ́ mìíràn ló gbọ́ ọ, ọmọ mi sì wà nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí.

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ojú lásán ni wọ́n fi ń rí i tí ẹnì kan bá kí ẹnì kejì, ojú sì máa ń gbàgbé, bó tilẹ̀ pẹ́. Lónìí, ó wà nínú fóònù gbogbo yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í kúnlẹ̀ mọ́, ọwọ́ lẹ máa ń jù sí wa láti inú mọ́tò, àwọn ẹgbẹ́ mi sì máa ń bínú sí i. Èmi kì í bínú. Ẹnì kan nínú yín fi àwòrán ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí mi, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Òun rèé lórí ìkúnlẹ̀, èmi rèé tí mo nawọ́. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ló hàn kedere, àfi ọwọ́ mi. Ó ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n yà á.