Yàrá Tí Ìyá Fò

Àwọn èèyàn a máa bi mí pé kí ni apàlọ́ ń wádìí kiri. Wọ́n ní ṣebí irọ́ ni àlọ́, ta ló ń wádìí irọ́? Mo ti dá wọn lóhùn títí ó ti sú mi. Ẹni tó ń sọ òótọ́ lè gbàgbé ìdajì rẹ̀, òótọ́ á ṣì dúró. Ẹni tó ń parọ́ ni kò gbọdọ̀ ṣi ibì kankan mú. Bí mo bá ní obìnrin kan lọ wa ewùrà lóṣù tí ewùrà kò tíì ta, àgbẹ̀ kan á rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, bó bá sì ti rẹ́rìn-ín báyìí, àlọ́ kú nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bèèrè. Mo ti bi ọdẹ léèrè bó ṣe ń sé sísín mọ́ imú nígbà tó bá ba de ẹran. Mo ti lọ jókòó ti àwọn tó ń fọ epo títí wọ́n fi lé mi, wọ́n ní ìbéèrè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí epo dànù. Ọkọ mi a ní bí wọ́n bá fi mí ṣe oníbodè, àwọn oníṣòwò á máa gba inú igbó kọjá. Ní báyìí tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé ọ̀dọ̀ wa, tí mo sì fi àgbà ara kọ́ ìwé, orí pépà ni mò ń kọ ìtàn mi sí, ṣùgbọ́n ìwà yẹn kò tíì fi mí sílẹ̀.

Ọmọ Ìsarà ni mí. Wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ ní Ṣàgámù nígbà tí amọ̀ ara ògiri ìlú náà ṣì tutù. Ìbẹ̀rù ogun ló kó àwọn ìlú tó di Ṣàgámù jọ sójú kan, tí oníkálukú fi ibi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Láti Ibido àtijọ́ ni àwọn ará ilé ọkọ mi ti ṣí wá. Wọ́n kó ewúrẹ́, wọ́n kó ọlọ, wọ́n tú ilẹ̀kùn pàápàá, wọ́n gbé e rù. Orúkọ ìlú ni mo lè pè, ẹ má retí orúkọ èèyàn lẹ́nu mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ, n kò sì ní torí pé mo mọ̀wé kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nílé ọkọ, àlọ́ kan wá ń jà lọ́kàn mi. Obìnrin kan ni, tí gbogbo ìlú rẹ̀ ṣí lọ, tí òun nìkan kọ̀ tí kò lọ. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á dáná, á se ìkọ́kọrẹ́, á bu ti olúkúlùkù sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ebi á ti máa pa wọ́n bí wọ́n bá padà dé. Mo mọ obìnrin náà dáadáa. Ilé rẹ̀ ni n kò mọ̀. Ibido àtijọ́ ti di ahoro kí n tó dé, báwo ni mo ṣe fẹ́ mú èèyàn wọ ilé tí n kò wọ̀ rí?

Mo tọ Ìyá àgbà ilé wa lọ, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi. Ọ̀sán ni mo máa ń lọ bá wọn, nígbà tí wọ́n bá jókòó sídìí ọlọ, tí wọ́n ń pa èkùrọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bá wọn pa á, mo sì ń bèèrè. A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, nítorí náà òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí à ń sọ. Wọ́n ní igi ìyeyè kan wà níwájú ilé, pé bí èèyàn bá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹnu ọ̀nà ló ń wò yẹn. Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹlẹ̀, àlejò gbogbo ló máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n sọ ibi tí ìkòkò omi tó fọ́ lẹ́nu wà fún mi, wọ́n sọ yàrá bàbá, wọ́n sọ yàrá ìyálé wọn, wọ́n sọ tiwọn.

"Yàrá tó kàn ńkọ́, Ìyá? Èyí tó wà ní kọ̀rọ̀?"

Wọ́n mú èkùrọ́ kan, wọ́n yí i wò. "Èkùrọ́ yí mà le o," ni wọ́n wí, wọ́n bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Mo ní àgbà ló dé, wọ́n ti gbàgbé. N kò tún bi wọ́n mọ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ayọ̀ tó wà nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀, pé ibì kan kù tí a lè fi ṣe ti ara wa. Ilé Ìyá ni mo mú lódindi, mo fi fún obìnrin inú àlọ́ mi. Ó sì gbọ́dọ̀ dáná níbì kan, mo bá gbé ààrò rẹ̀ sínú yàrá kọ̀rọ̀ yẹn.

Kí n má parọ́, àlọ́ náà dára. Mo dá orin sí i, àwọn ọmọdé á gbè é:

Ta ní ń dáná o?
Èmi ni, èmi ni.
Ta lo ń dáná fún o?
Ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó ń bọ̀.

Kí òṣùpá oṣù yẹn tó tán, wọ́n ti ń kọ ọ́ ní agboolé mìíràn. Àwọn tó ti Ìlárá wá nájà gbé e lọ sílé. Orí mi wú. Mo ń rìn láàárín ìlú bí ẹni tó jẹ oyè.

Ìgbà yẹn ni Ìyá kò jókòó síta mọ́ nírọ̀lẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ti dá orin náà, wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọn kò jẹun dáadáa mọ́. Mo se ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í. Nígbà tó yá wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo wọlé, mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, libo lo ti rí iná yẹn?"

"Iná wo, Ìyá?"

"Iná inú yàrá kọ̀rọ̀."

"N kò rí i níbì kankan, Ìyá. Mo kàn rò ó ni. Àlọ́ ni."

"Àlọ́ kẹ̀?" Wọ́n dìde jókòó. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ṣé àlọ́ ni? Ìkòkò mi tó fọ́ lẹ́nu, ṣé àlọ́ ni? Ohun gbogbo tó wà liulé yẹn, òótọ́ ni. Ó wá ṣe jẹ́ pé iná nìkan li àlọ́? Ọ̀sán ni mo sọ ọ́ fún ọ, ìwọ gbé e lọ sí alẹ́. Orí ọmọ mi lo dáná lé, ìyàwó."

Mo jáde, mo lọ bá ìyálé mi, ẹni tí ọkọ wa kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n tó ṣí kúrò ní Ibido, òun ló wá là mí lóye. Ìyá bí ọmọkùnrin kan ṣáájú bàbá ọkọ wa. Ọmọ náà ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko kó tó kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, igbó ló yẹ kí wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n Ìyá dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọmọ àwọn kò ní sùn síta. Ni wọ́n bá sin ín sílẹ̀ yàrá kọ̀rọ̀, nínú ilé, bí wọ́n ti ń sin àgbà. Nígbà tí ìlú sì ṣí, ohun gbogbo ló ṣe é kó, àfi àwọn tó wà nínú ilẹ̀.

"Ẹ̀yin kò sì sọ fún mi!" ni mo wí.

"Ta ló máa sọ fún ọ? Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé ti mọ̀. Ìyàwó ni ìwọ." 

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Inú bí mi nítorí pé èmi kọ́ ni mo sin òkú, èmi kọ́ ni mo ṣí kúrò nílùú. Ẹ̀rù bà mí nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbóòórùn èéfín níbi tí ẹnikẹ́ni kò dáná sí. Mo lè wà lódò, mo lè wà lóko, yóò kàn fẹ́ sí mi nímú díẹ̀, yóò sì lọ. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bóyá wọ́n gbọ́ òórùn kan, wọ́n ní rárá.

Mo ní n ó tún àlọ́ náà ṣe. Ṣebí èmi ni mo ni ín? Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ní ẹ̀yìnkùlé ni obìnrin náà ń dáná, lábẹ́ igi. Wọ́n pariwo lé mi lórí. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pa á! Yàrá kọ̀rọ̀ ni!" Mo tún un sọ. Wọ́n ní mi ò mọ àlọ́ náà. Èmi! Mo lọ sí agboolé kejì, ìyá kan níbẹ̀ fi sùúrù tọ́ mi sọ́nà, ó ní yàrá kọ̀rọ̀ ni, gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti di ẹyin, ó ti bọ́, ó ti fọ́, kò ṣe é kó.

Ìyá wá ń rù. Egungun ọrùn wọn yọ síta. Wọ́n ní bí àwọn bá dijú, ọmọ náà á máa pe àwọn, pé iná ń jó òun. Ọkọ mi kò bá mi jà, ó kàn ní, "Iná tí o dá yìí, bí kò bá kú, Ìyá ni yóò kú," èyí sì burú ju ìjà lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn bí ọkùnrin, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí n ó ṣe.

"Mú mi lọ," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ fi ojú mi rí i pé éè sí iná lórí rẹ̀."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí, Ìyá kò padà síbẹ̀ rí. A jáde láàárọ̀ nígbà tí ìrì ti gbẹ, wọ́n fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, wọ́n fi èkejì di èjìká mi mú. A ń rìn, a ń sinmi. Nígbà tí a dé ahoro náà, kò sí ìlú kankan níbẹ̀ mọ́. Òjò ti fọ ògiri di òkìtì, koríko ti bo òkìtì. Àwọn àgbẹ̀ ti gbin ẹ̀gẹ́ síbi tó wù wọ́n. Ìyá ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Éè sí mọ́," ni wọ́n wí. "Ulé mi éè sí mọ́. Mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

Mo rí igi ìyeyè kan lókèèrè. Mo lọ síbẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ. "Ẹ rọra, Ìyá," ni mo wí, "ọ̀dẹ̀dẹ̀ rèé, ó rẹlẹ̀." Ilẹ̀ sì rẹlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Ibí ni ìkòkò omi wà." Mo ní, "Yàrá bàbá nìyí. Ti ìyálé yín nìyí. Tiyín nìyí." Èmi tí n kò dé ibẹ̀ rí ni mò ń mú onílé káàkiri ilé rẹ̀. Mo fẹ́ sá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà lórí èjìká mi.

Nígbà tí a yà sí kọ̀rọ̀, a rí àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kan. Lábẹ́ rẹ̀, òkúta mẹ́ta wà nílẹ̀, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú, eérú sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ kan ti ń dín iṣu jẹ tàbí ti ń sun ún, kí ni mo mọ̀? Mo kàn mọ̀ pé mo ti sọ fún gbogbo Rẹ́mọ pé iná wà níbẹ̀, iná sì wà níbẹ̀. Mo figbe ta. Mo búra fún Ìyá pé n kò dé ibẹ̀ rí, pé n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, pé orí ara mi ni mo ti rò ó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo di òkúta kan mú láti gbé e sọ nù.

"Mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sórí eérú náà, wọn kò sì gbé e kúrò.

"Ó ṣì gbóná," ni wọ́n wí. "Òtútù ló pa á. Gbogbo aṣọ tó wà liulé ni mo dà bò ó, ó ṣì ń gbọ̀n. Ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, ó ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń gbé e sílẹ̀, mo ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ yẹn tutù, ilẹ̀ yẹn tutù. Éè sẹ́nẹ, éè sí ẹnìkan tó dá mi lóhùn."

Mo ti bi wọ́n léèrè ìkòkò, mo ti bi wọ́n léèrè igi. N kò bi wọ́n léèrè ohun tó pa ọmọ wọn.

"Wá igi gbígbẹ wá fún mi," ni Ìyá wí. "Èyí tó máa pẹ́."

Mo wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ, mo ń ṣa igi, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti bọ́ ìborùn wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n sì tẹ orí sílẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo ki igi bọ inú eérú, mo fẹ́ ẹ títí ó fi gbiná. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sídìí ìyeyè, níbi tí n kò ti lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.