Ilẹ̀kùn Ẹ̀taòkò

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni gbogbo ìlú Atakpamé, ní Togo, mọ Ẹ̀taòkò. Lọ́jọ́ náà, Músíò Eugène, ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ilé iṣẹ́ nílùú, ń gba ọ̀gá ńlá kan láti Lomé lálejò. Wọ́n ti gúnyán, ẹran ìgbẹ́ ti kún inú ọbẹ̀, àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè àkọ́kọ́ ni, ni wọ́n gbọ́ "Àgò o!" lẹ́nu ọ̀nà. Léonie, ìyàwó Músíò Eugène, dáhùn pé, "Àgò yà," nítorí kò sí bí ọmọlúàbí ṣe lè gbọ́ àgò kó má dáhùn. Ẹ̀taòkò wọlé, ó kó ọ̀wọ́ ará ìlú Elavagnon kan lẹ́yìn.

"Ẹ má dìde, Músíò," ó ní. "Ẹ máa jẹun yín lọ. Ẹ̀yin kọ́ la wá bá. Ilẹ̀kùn yín la wá wò."

Ó yíjú padà, ó kó wọn bọ́ síta, ó fa ilẹ̀kùn tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀gá Lomé fi dìde pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, ó lọ dara pọ̀ mọ́ wọn. Músíò Eugène nìkan ló kù nídìí ọbẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí nídìí ọtí sódàbì máa ń dá a dúró sí, wọn a rẹ́rìn-ín títí wọn a fi húkọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe débẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Akparé, nítòsí Atakpamé, ni Ẹ̀taòkò. Ní nǹkan bí ọdún 1978, ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Atakpamé. Ọdún tí yóò jáde ni wọ́n kéde pé ilé iṣẹ́ Músíò Eugène, tó ń kan bẹ́ǹṣì fún àwọn ilé ìwé, yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan síṣẹ́. Kí oníkálukú mú dọ́síè rẹ̀ wá, ìyẹn àpò bébà tí yóò fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn.

"Bébà?" Ẹ̀taòkò bi Músíò Gérard, olùkọ́ rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá kọ sí bébà ni bébà ń gbà. Igi kì í gba irọ́."

"Ìwọ ṣáà mú bébà lọ," ni Gérard wí. "Wọn ò ní kí o gbégi wá."

Ẹ̀taòkò kò gbọ́. Ó lọ sílé lọ tọrọ igi lọ́wọ́ Málọmọ́, ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi pákó ìrókò díẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú, pé kí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn yàrá ìyá náà. Ẹní ni ìyá ń fi dí ẹnu ọ̀nà láti ìgbà náà, tí ewúrẹ́ ń wọlé bá a bó ṣe wù wọ́n.

"Kó wọn," ni ìyá wí. "Tí wọ́n bá ti gbà ọ́ síṣẹ́ tán, gbé ilẹ̀kùn mi wá fún mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ewúrẹ́ yìí ti sú mi."

Ilẹ̀kùn tó kàn, àwọn àgbà káfíńtà wá wò ó. Ó ṣe ilẹ̀kùn kéékèèké sára ilẹ̀kùn ńlá. Ṣí ọ̀kan, wàá rí igi méjì tó wọnú ara wọn láìsí ìṣó. Ṣí òmíràn, wàá rí obìnrin tó ń gún iyán, tí òógùn ara rẹ̀ fẹ́ẹ̀ hàn. Òmíràn ní àpótí kékeré tí kò ṣeé ṣí àfi tí o bá mọ ibi tí à ń tẹ̀. Ó gbẹ́ ọ̀nà Akparé síbẹ̀ láti àdúgbò Agbonou ní Atakpamé, pẹ̀lú igi máńgòrò tí èèyàn yóò ti yà, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un má bàa ṣìnà. Nísàlẹ̀ pátápátá ló gbẹ́ ojú ara rẹ̀ sí. Etí rẹ̀ tóbi, ó sì gbẹ́ ẹ bó ṣe tóbi gan-an.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n, àwọn yòókù mú bébà dání. Òun ru ilẹ̀kùn. Músíò Eugène jáde síta, ó ṣí i, ó tì í, ó rẹ́rìn-ín sí etí náà. "Fi í sílẹ̀ níbí," ó ní, "kí n lè wò ó dáadáa."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún níṣẹ́, ẹni tí kò lè kan ìṣó kan kó dúró ṣánṣán. Nígbà tí Ẹ̀taòkò padà wá gbé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun Músíò Eugène.

"Iṣẹ́ rẹ wù mí púpọ̀, ọmọ mi," ni ọ̀gá wí. "Mo fi í síbi tí màá ti máa rí i lójoojúmọ́."

"Dákẹ́," ni Músíò Gérard sọ fún un. "Iwájú ló ń jókòó sí ní gbogbo ìpàdé ìlú. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Òótọ́ ni. Ní ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń jókòó níwájú lè jẹ ilé ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ó sì fi ọwọ́ nu ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀taòkò ronú, ó rántí pé lọ́dọ̀ wa, a kì í lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣágò, a ó dá a lóhùn. A ó fún un lómi. Ìgbà tó bá mu tán la tó lè bi í pé kí ló gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo iṣẹ́ mi" ni, ó di ilé Músíò Eugène. Ọ̀sán gangan tí ọ̀gá ń sùn, wọ́n dé. Ìgbà tí ọ̀gá ń wẹ̀, wọ́n dé. Wọn a máa mu omi díẹ̀díẹ̀, wọn a máa ṣí ilẹ̀kùn kéékèèké. Léonie ní láti ra ìkòkò omi tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Músíò Eugène kan kàlẹ́ńdà mọ́ ibi tí ojú Ẹ̀taòkò wà. Ẹ̀taòkò yọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ bá mi di oṣù yìí mú ná, Músíò. Àwọn oníbàárà fẹ́ mọ ojú mi."

"Má wá sílé mi mọ́!" ni Músíò Eugène pariwo.

"Ẹ gbé ilẹ̀kùn fún mi, ẹ ò sì ní rí mi mọ́."

Músíò Eugène wo ilẹ̀kùn. Ó rántí bí ọ̀gá Lomé ṣe fi òkèlè sílẹ̀ lọ wò ó. Ó mí kanlẹ̀. "Léonie," ó ní, "fún wọn lómi."

Iṣẹ́ dé lóòótọ́: ilẹ̀kùn ìjọ ní Elavagnon, ibùsùn ní Agbonou. Abẹ́ igi ló ti ń ṣe wọ́n, ayùn àyálò ló fi ń ṣe wọ́n, òjò a sì máa ba èyí tó dára jù jẹ́. Ó pinnu láti kan òmíràn fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ti oníbàárà ló máa ń ṣíwájú. "Ìyá, ẹ jẹ́ n mú yín lọ wo èyí tó wà nílẹ̀," ni yóò wí. "Gbé e wá sílé, màá rí i," ni Málọmọ́ yóò dáhùn. "Mi ò ní lọ ṣágò nídìí ilẹ̀kùn ara mi."

Ní àkókò ọyẹ́, ibà kan tí í mú ọrùn le gan-an dé, ó sì pa Ẹ̀taòkò. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá. Músíò Eugène wọ funfun wá síbi ìsìnkú, ó dúró níwájú gbogbo èèyàn. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni," ó ní. "Ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́." Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ará Elavagnon kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yí i padà sí ikọ́.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ rọlẹ̀, Málọmọ́ wọ ọkọ̀ láti Akparé, ó ń béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ilé náà.

"Àgò o."

Léonie kò bi í pé ta ni. Ó ti rí etí rẹ̀, tó tóbi bíi ti ọmọ rẹ̀. Ó bu omi wá. Músíò Eugène sáré dìde lórí àga: "Ìyá, ẹ wọlé, ẹ wá jókòó."

Málọmọ́ mu omi tán, ó dá igbá padà. Kò wọlé. "Ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó mi," ó sọ fún Léonie, "ẹ bá mi tì í. Mi ò tíì rí i rí."

Léonie bọ́ síta bá a, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra tì wọ́n padà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, tó rí etí, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Músíò Eugène ń fa ilẹ̀kùn láti inú, ó fẹ́ jáde. Léonie di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù," ó ní. "Ìyá tó ni ín ṣì ń wò ó."