Agogo Tí Tíṣà Abọ́dẹrìn Lù ní Ìkàrẹ́

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀kà Àkókó láyé ọjọ́un, wọn yóò sọ fún yín pé kò sóhun tí Tíṣà Abọ́dẹrìn ò mọ̀. Ó ní ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká, ìbéèrè ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Èèyàn mélòó ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tíìmù kan? Ọmọ ayò mélòó ló ń wà nínú ọpọ́n? Kí ló dé tí a fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi ká tó fi ṣe fùfú? Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, tí oorun yẹ kó máa kun àwọn ọmọ, ńṣe ni wọ́n ń du ìdáhùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àmọ́ Tíṣà ní òfin kan. Ọmọ ìbáà mọ ìdáhùn ju ẹni tó béèrè lọ, kò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó wà níjòókòó. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ó ní ìmọ̀ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé nínú, ìyà ni yóò fi jẹ ẹni tó ni ín. Ó tún kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ka ìṣẹ́jú-àáyá lọ́kàn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí àyè ń tán lọ.

Limota ọmọ Yẹ̀kínì ló di òfin yìí mú jù lọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni Yẹ̀kínì, ọmọ mẹ́sàn-án ló ń bọ́, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò lágbára àtirán obìnrin lọ sí girama. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Àkókó kan ṣe gbé ìdíje ìbéèrè kalẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́dún 1987 nìyẹn, tí wọ́n ní ọmọ tó bá gba ipò kìíní, àwọn ni yóò rán an níwèé títí yóò fi jáde girama. Ọmọ ọdún méjìlá ni Limota. Ìdíje yẹn nìkan ló kù fún un.

Aago ọwọ́ Tíṣà kì í fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ ti rédíò, ìyẹn ni wọ́n fi ní kó máa ṣọ́ àkókò, kó sì máa lu agogo. Àwọn ará Ìkàrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí tíṣà Ọ̀kà máa ṣọ́ aago fún ọmọ Ọ̀kà? Ọ̀rọ̀ náà dé etí Tíṣà, ó sì ta á lára. Ọkùnrin náà fẹ́ràn orúkọ rere ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tó kẹ́yìn, ó ku Limota àti Samuel, ọmọ Ìkàrẹ́ kan, máàkì wọn sì dọ́gba. Alága ìdíje béèrè pé ìràwọ̀ wo ló sún mọ́ ayé wa jù. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ni àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Samuel yára dìde, ó dárúkọ òṣùpá, wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kan Limota. Ó yọ sí iwájú, ó kúnlẹ̀ sí ọ̀tún fún àwọn ìjòyè, ó kúnlẹ̀ sí òsì fún àwọn ààfáà àti pásítọ̀, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa.” Ó la ẹnu, ó ní, “Oòrùn ni.” Agogo dún mọ́ ọn lẹ́nu.

Alága yíjú sí Tíṣà, ó ní ẹ̀yin lẹ mú aago lọ́wọ́, ṣé ọmọ yìí bá àkókò àbí kò bá a? Tíṣà rí i pé ojú àwọn ará Ìkàrẹ́ wà lára òun.

“Àkókò ti kọjá,” ló wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní irú olóòótọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n béèrè ìbéèrè mìíràn, Samuel ló kọ́kọ́ dáhùn, ó gba ẹ̀bùn lọ. Kí oṣù náà tó parí, Yẹ̀kínì ti mú Limota lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, Àsàmáù, ní Ugbe, kó lọ máa bá a yan gàrí.

Láti ọjọ́ náà, ìwé ìbéèrè kò wu Tíṣà ṣí mọ́. Ó gbé e fún tíṣà mìíràn. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀ títí, Tíṣà ní ọjọ́ orí ni. Irọ́ ni! Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ti ọkùnrin yìí sì pẹ́ nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ló tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ugbe.

Ó bá Limota nídìí agbada gàrí. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i nínú èéfín, ó gbé àga fún un. Tíṣà kò jókòó.

“Limota, ìdáhùn rẹ bá àkókò lọ́jọ́ Ìkàrẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá méjì nígbà tí mo lu agogo. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ló bà mí.”

Limota ń yan gàrí lọ, kò gbójú sókè.

“Mo mọ̀, sà. Mo ń kà á lọ́kàn. Mẹ́jọ ni mo kà dé.”

Tíṣà béèrè pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ níwájú alága.

“Ẹ̀yin ni tíṣà mi. Ṣé kí n já yín nírọ́ lójú gbogbo èèyàn ni? Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín ni. Mo ń wojú yín nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ọ̀kà.”