Ọmọ Tí Mo Fi Bo Ẹ̀yìn Aṣọ Iṣẹ́ Mi

Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ lọ́nà Odẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ní kí èèyàn má wá lọ́la, ó parí náà nìyẹn. Ibẹ̀ sì ni èmi àti ọmọ mi ti ń jẹun.

Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì wá bá wa lẹ́nu géètì. Ó ní àwọn fẹ́ dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pé ẹni tó bá parí sẹ́kọ́ńdìrì á lè máa wá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ láti Àbújá wá wò ó bóyá àwọn á fọwọ́ sí i, ó sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ń wolẹ̀.

“Màá wá, mà.” Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú.

Ibi aṣọ ni mo ti ṣàṣìṣe. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì bá rán èèyàn níṣẹ́, aṣọ ẹgbẹ́ ló máa wọ̀ lọ. Mo bá fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn yunifásítì, ta ni mo rí níjòókòó iwájú? Máníjà wa! Wọ́n ti pe àwọn agbanisíṣẹ́ náà. Kò lè dá ojú mi mọ̀. Àwa tí ìyẹ̀fun àgbàdo ń bò lójú látàárọ̀, ta ló mọ̀ wá yàtọ̀ síra? Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo pọn ọmọ mi tí mo gbé lọ́wọ́, mo fa ọ̀já sókè títí ó fi bo orúkọ náà.

Olùkọ́ náà rí mi. “Ìyá ọmọ, ṣé o fẹ́ pọn ọ́n sórí ni?”

“Ọ̀gá mi ló jókòó síwájú yẹn, mà.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Mi ò ní bínú.”

Mo fẹ́ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí.

Mo dúró níwájú àwọn àlejò tó jókòó sórí pèpéle, mo kẹ́yìn sí máníjà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu ni. Ọmọ tí mo ti fún pinpin bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń ta ẹsẹ̀.

“Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ jàre!” ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn. “O fẹ́ pa á ni?”

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo gbé e sí àyà, mo fún un lọ́mú. Ẹ̀yìn mi ṣófo. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n gbé iná sí i.

Mo ní, “Mo fẹ́ mọ ohun tí òfin sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọrùn ọmọ yìí ò tíì le tí mo ti padà sídìí ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sinmi.”

Nígbà tí a ń jáde, máníjà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹ̀ka wo lo wà?”

“Ibi tí a ti ń di àpò, sà.”

“Ó dáa.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, mo sì ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò tíì lé mi. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí mo bá dé géètì, ojú mégáàdì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá ó máa dá mi padà, kí n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.